Láti Lusaka dé Chingola: ọjọ́ mẹ́fà ní ipasẹ̀ ẹgbẹ́ WITCH

Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 títí dé 1977, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan ní Zambia ṣe àwo márùn-ún. WITCH ni wọ́n ń jẹ́, ìkékúrú We Intend To Cause Havoc. Emanuel Chanda, olórí akọrin wọn tí gbogbo ayé mọ̀ sí Jagari, fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ nígbà tó yá. Àwọn tó kù yí sí dísíkò ní àwọn ọdún 1980, lẹ́yìn náà orúkọ náà rá. Àwọn tó ń wá àwo àtijọ́ kiri ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ló hú u jáde: Now-Again, ilé àwo kan ní Los Angeles, kó iṣẹ́ wọn jáde pọ̀ ní 2012. Nígbà tó fi máa di 2017, WITCH ti ń kọrin lórí pèpéle ní Yúróòpù.

Nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, Jagari nìkan ló kù láyé. Nítorí náà, ìpadàbọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn ọ̀rẹ́ tó jà tí wọ́n wá parí ìjà. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń ta gìtá náà ti lọ. Ohun tó kù ni àwo, ẹnu Jagari, àti ilẹ̀ tí orin náà ti hù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí àwo wọn fi ń dún bó ṣe ń dún, tó sì fẹ́ mọ ohun tó ná àwọn tó tún un kọ́, ọ̀nà àwọn ìlú ìwakùsà bàbà ni kó gbà.

Ọjọ́ kìíní: Lusaka

Láti Èkó, Addis Ababa, Nairobi tàbí Johannesburg ni ọ̀pọ̀ èrò ń gbà. Ẹ mú yẹ́lò káàdì dání. Nàìjíríà wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ èrò, ẹni tí kò bá ní in yóò dúró lẹ́nu ibodè. Kí ẹ ti parí ọ̀rọ̀ físà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Aago wọn fi wákàtí kan síwájú tiwa. Sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn jẹ́ oníhò mẹ́ta, 230 fóltì, nítorí náà ṣájà ilé ò nílò àtúnṣe kankan. Apá òsì títì ni wọ́n ń wakọ̀: bí ẹ bá fẹ́ sọdá, ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọmọ Nàìjíríà tí kò bá rántí èyí yóò máa fò sẹ́yìn káàkiri Lusaka.

Oṣù karùn-ún sí ìkẹjọ ló dára jù fún ìrìn yìí, òjò kò sí, ọ̀nà sì gbẹ. Ṣùgbọ́n òtútù àárọ̀ oṣù kẹfà àti ìkeje kì í ṣe ti eré. Ẹ mú swẹ́tà. Iná mànàmáná wọn, láti inú omi ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá, adágún Kariba sì jẹ́ gbòógì nínú rẹ̀. Ọ̀dá ọdún 2024 fa adágún náà gbẹ débi pé iná ń lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́. Páwà báǹkì tó lágbára ni kí ẹ gbé.

Oúnjẹ kò ní da ẹnikẹ́ni láàmú. Nshima jẹ́ òkèlè àgbàdo funfun, ó jọ túwó, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ẹ béèrè kapenta, ẹja wẹ́ẹ́rẹ́ gbígbẹ tí wọ́n ń pa ní Tanganyika àti Kariba, pẹ̀lú chibwabwa, ìyẹn ewé elégédé.

Lálẹ́ ọjọ́ yìí, kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ gbọ́ àwo márààrún ní ìtẹ̀léra: Introduction, In the Past, Lazy Bones!! ti 1975, Lukombo Vibes ti 1976, àti Including Janet ti 1977. Ẹ lo héèdfóònù tó ń bo gbogbo etí, nítorí béèsì àti ìlù àwo méjì àkọ́kọ́ rírẹlẹ̀ gan-an, sípíkà fóònù ò ní gbé e jáde. Nínú àwo méjì yẹn, ẹ ó gbọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ti gbọ́ rọ́ọ̀kì òyìnbó lórí rédíò, tí wọ́n sì ń ṣe é pẹ̀lú ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Lazy Bones!! ni òkè tente: gìtá wúwo, orin gígùn, ọgbọ́n pọ̀ nínú rẹ̀. Nínú èyí tó kẹ́yìn, èdè Zambia àti ìlù ilé ti gba ipò iwájú. Àìsinmi ọ̀dọ́ nìkan kọ́ ló fa ìyípadà yẹn. Ìjọba Kenneth Kaunda pàṣẹ pé kí 95% orin tí rédíò bá ń lù jẹ́ ti ilé. Ààrẹ náà fúnra rẹ̀ a sì máa ta gìtá.

Ọjọ́ kejì: Lusaka sí Ndola, nǹkan bíi 320 kìlómítà

Gáréèjì Intercity, ní òpópónà Dedan Kimathi, ni àwọn bọ́ọ̀sì ńlá ti ń gbéra. Àgbèrò wà níbẹ̀, iṣẹ́ wọn kò yàtọ̀ sí ti Ọ̀jọ́ta: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ẹrù yín kí ẹ tó rí kántà tí wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ bá lọ. Ìdí ni pé ọ̀nà yìí ni ọkọ̀ akóbàbà àti àjàgbé tó ń lọ sí Kóńgò ń gbà, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, àjàgbé tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà láìtan iná ló ń fa ọ̀pọ̀ ìjàǹbá. Wọ́n ti ń sọ ọ̀nà náà di oníbejì, nítorí náà ìdádúró àti ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ eléruku lè wà. Ẹ fi wákàtí méjì kún iye tí awakọ̀ bá pè.

Ìlú Kabwe wà ní nǹkan bíi 140 kìlómítà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wa òjé fún àwọn ọdún tó lé ní àádọ́rùn-ún, kí wọ́n tó ti ibùdó náà ní 1994. Erùpẹ̀ àyíká ibi ìwakùsà àtijọ́ ṣì ní májèlé òjé nínú. Kí ọmọdé má ṣeré nílẹ̀ níbẹ̀.

Kapiri Mposhi ló tẹ̀lé e. Ibí ni ọkọ̀ ojú irin TAZARA, tó wá láti Dar es Salaam ní Tanzania, 1,860 kìlómítà, parí sí. Ẹ sọ̀kalẹ̀ wò ó bí ọkọ̀ bá dúró, nítorí ibùdó yìí ló ṣàlàyé ohun tí kò hàn lára àwo. Ní oṣù kìíní 1973, ààlà Zambia àti Rhodesia (Zimbabwe òde òní) tì. Gúúsù ni ọ̀pọ̀ ẹrù ti ń wọlé tẹ́lẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn sí ìgbà tí ojú irin parí ní 1975, okùn gìtá, fáàfù áńpù (gíláàsì kéékèèké inú ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè), àwọ ìlù, téèpù, gbogbo rẹ̀ di ohun tí owó nìkan kò lè rà. Nígbà tí iye bàbà tún já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé ní 1974 sí 1975, owó òkèèrè tí wọn ì bá fi rà á gan-an dínkù. Ẹgbẹ́ tó bá ní áńpù, á tọ́jú rẹ̀ bí ojú.

Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn ẹgbẹ́ Zamrock, ìyẹn rọ́ọ̀kì Zambia ìgbà náà, ń gbà láti ìlú dé ìlú, ẹrù wọn lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá tún fẹ́ gbé áńpù onífáàfù gba ọ̀nà báyìí, àwọn nǹkan tó máa ń bàjẹ́ nìwọ̀nyí, àti ìdí wọn. Fáàfù kì í fọ́ nínú ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó máa ń yọ kúrò nínú ihò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nítorí gbígbọ̀n, nígbà tí wọ́n bá sì tan áńpù, ohùn á máa já. Ẹ yọ wọn, ẹ fi ìwé kọ sára kálukú ihò tó ti wá, ẹ dì wọ́n mọ́ aṣọ, ẹ gbé wọn sọ́wọ́. Ojú ibi tí okùn gìtá ń wọ̀ ni ìkejì: òjé tí wọ́n fi lẹ wáyà mọ́ ọn lẹ́yìn máa ń sán, nítorí ẹni tó gbé áńpù sínú ọkọ̀ fi okùn sílẹ̀ lára rẹ̀. Ìkẹta ni àwọn nọ́ọ̀tì tó di sípíkà mú. Ẹ fún gbogbo wọn ní àfúnpadà kí ẹ tó tan án, bí ẹ bá gbọ́ kọ̀rọ̀-kọ̀rọ̀ nínú béèsì, òun ni. Bí áńpù bá ti inú òtútù bọ́ sínú yàrá gbígbóná, ìrì á sẹ̀ sínú rẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni kí ẹ fi jókòó tì í kí ẹ tó fi iná sí i. Fíúùsì mẹ́ta ni kí ẹ mú dání, oníwọ̀n kan náà tí wọ́n kọ sẹ́yìn áńpù. Bébà fádákà inú páálí sìgá tí àwọn kan ń fi dí i ni ó máa ń pa tiransifọ́má, èyí tí ẹ kò ní rí rà ní Kapiri Mposhi.

Ọjọ́ kẹta: Ndola

Ndola ni ìdí òwò àwo. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ àwo Teal wà, ibẹ̀ náà sì ni Zambia Music Parlour ti Edward Khuzwayo ti gbé ọ̀pọ̀ àwo Zamrock jáde. Ẹ má retí ilé àfihàn tàbí pátákó ìrántí. Ohun tó yẹ kí ẹ fi ọjọ́ yìí ṣe ni kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ àwo wò, nítorí àwọn tó gbọ́ pé òyìnbó ń wá WITCH ti ń pe owó gọbọi fún àwo tó ti di ẹlẹ́kọ́.

Ẹ gbé àwo náà sábẹ́ iná, kí iná wá láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè. Ìlà tó bá tẹ̀lé ọ̀nà abẹ́rẹ́ kò burú tó èyí tó dábùú rẹ̀; èyí tó dábùú ni yóò máa ró “tà, tà” ní gbogbo ìyípo. Bí dúdú rẹ̀ bá ti ṣú di eérú, abẹ́rẹ́ tó ti kú ni wọ́n fi lù ú, kò sí ìfọ̀ tó lè dá a padà. Lẹ́yìn náà kí ẹ ní kí wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ. Orin tó kẹ́yìn ní ojú kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ gbọ́, kì í ṣe àkọ́kọ́. Bí abẹ́rẹ́ ṣe ń sún mọ́ àárín, ọ̀nà inú àwo ń kúrú sí i fún ìyípo kan, ibẹ̀ ni ìbàjẹ́ ti kọ́kọ́ máa ń fi ara hàn: ohùn Jagari á máa ya, gbogbo “s” á di “sh”. Bí orin ìparí bá mọ́, ìyókù mọ́.

Láti mọ àtúntẹ̀ yàtọ̀ sí àkọ́tẹ̀, ẹ wo páálí rẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn ìlà dúdú tí ẹ̀rọ ń kà ní ṣọ́ọ̀bù kò sí lára àwo Zambia ti 1974. Ẹ tún wo àlàfo tó wà láàárín orin ìkẹyìn àti bébà àárín: nọ́ńbà tí wọ́n fi ọwọ́ họ tàbí tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti bébà mu. Bí kò bá bá a mu, ẹnì kan ti pààrọ̀ nǹkan.

Eruku pupa ni ọ̀tá. Ó le ju àwo lọ, nítorí náà nígbà tí ẹ bá fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ẹ ń fi yanrìn họ ọ́ ni. Omi dísítíìlì, irú tí wọ́n ń bu sí bátìrì ọkọ̀ gan-an kọ́ o, èyí tó mọ́ tí àwọn onípòògùn ń tà: ìwọ̀n mẹ́ta. Ọtí isopropyl: ìwọ̀n kan. Ọṣẹ ìfọwo, ẹ̀kán kan péré sí lítà kan. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tẹ̀lé ọ̀nà abẹ́rẹ́ yípo ní ìlọ́po mẹ́wàá, ẹ fi omi dísítíìlì nìkan ṣàn án, ẹ gbé e dúró níbòòji títí yóò fi gbẹ. Oòrùn á ká a kò. Bí wọ́n bá fún yín ní àwo àtijọ́ oní-78, èyí tó ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ má fi ọtí yẹn kàn án, yóò yọ́.

Kí ló kan ìpadàbọ̀ ẹgbẹ́ nínú gbogbo èyí? Ó kàn án púpọ̀. Níbi tí téèpù àkọ́kọ́ ti sọnù, àwo tó mọ́ jù lọ tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń fi ṣe àtúntẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yọ “tà, tà” kúrò kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín ìró họ́họ́ àti ìró igi lára ìlù, nítorí náà bí wọ́n bá yọ ọ́ jù, ìlù á di jẹ̀lẹ́ńkẹ́. Ẹni tó bá kọ́ ìlù láti inú irú àtúntẹ̀ bẹ́ẹ̀ á rò pé jẹ̀lẹ́ńkẹ́ ni Boidi Sinkala, onílù WITCH, ń lù. Ẹni tó bá gbọ́ àwo tó ní ariwo díẹ̀ yóò mọ̀ pé irọ́ ni.

Àwọn tó ń ta àwo àtijọ́ l'Ékòó mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, nítorí ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwo àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ BLO, Chapter One, àti Try and Love ti ẹgbẹ́ Ofege, tí méjèèjì jáde ní 1973. Ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n pẹ̀lú WITCH.

Ọjọ́ kẹrin: Kitwe

Ó tó ọgọ́ta kìlómítà láti Ndola, takisí àjọwọ̀ àti bọ́ọ̀sì kékeré pọ̀. Èdè Bemba ni wọ́n ń sọ níbí. Ẹ kí wọn ní “mwapoleni”, ẹ má sì gbàgbé “mukwai” lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni. Àgbàlagbà tí ẹ bá kí láìfi í sí i yóò dáhùn, ṣùgbọ́n kò ní fọ̀nà hàn yín.

Kitwe ló bí WITCH. Ẹ̀yà ara ìlú náà fi ìdí rẹ̀ hàn: ibi ìwakùsà Nkana wà láàárín ìlú, àdúgbò òṣìṣẹ́ bíi Wusakile, Chamboli àti Mindolo sì yí i ká. Bàbà ni ó lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá gbogbo ohun tí Zambia ń tà sókè òkun nígbà yẹn. Òṣìṣẹ́ ìwakùsà ń gbowó oṣù déédéé, ilé-iṣẹ́ sì kọ́ gbọ̀ngàn ìgbafẹ́ sí àdúgbò wọn. Ọ̀dọ́ wà, owó wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́, gbọ̀ngàn oníná wà tí kò jìnnà sílé. Níbi tí mẹ́ta wọ̀nyí bá ti pàdé ni ẹgbẹ́ olórin ti ń hù, yálà ní Kitwe tàbí ní Surulere.

Ẹ wo orúkọ àwọn tó wà nídìí rẹ̀: Chris “Kims” Mbewe lórí gìtá iwájú, John “Music” Muma lórí gìtá kejì, Gedeon “Giddy King” Mulenga lórí béèsì, Boidi Sinkala lórí ìlù, Paul “Jones” Mumba lórí dùùrù, Jagari níwájú. Ẹ fi ọkàn sí i pé gìtá méjì ni. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó gbìyànjú láti ta orin wọn lónìí lo gìtá kan, wọ́n sì ń ṣe kàyéfì pé kò kún. Gìtá kejì kò pariwo, ó kàn ń gún lọ bí ìlù. Òun ló ń fún gìtá iwájú láyè láti fi orin sílẹ̀ kó máa ké. Nígbà tí wọ́n tún ẹgbẹ́ náà tò, ipò gìtá méjèèjì padà wá, ọlọ́gbọ́n ni ẹni tó rí i.

Ohun tó pa ìgbà àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ìlú yìí gan-an. Iye bàbà já, owó oṣù kò tó mọ́. Ogun Rhodesia dé, ọmọ ogun Rhodesia ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn ajàjàgbara lẹ́bàá Lusaka ní 1978, kónílé-ó-gbélé àti pípa iná sì gba alẹ́ mọ́ àwọn olórin lọ́wọ́. Alẹ́ ni wọ́n ti ń rí owó. Kásẹ́ẹ̀tì ayédèrú jẹ èyí tó kù lára àwo. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 wọlé, àrùn AIDS bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn olórin ìran náà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Jagari ní tirẹ̀ lọ ń wa òkúta iyebíye nílẹ̀.

Bí ẹ bá lọ sí Wusakile, ẹ ó rí òkè ìdọ̀tí ìwakùsà tí wọ́n ń pè ní Black Mountain. Ẹ wò ó lókèèrè. Àwọn ọ̀dọ́ ń walẹ̀ lára rẹ̀ fún bàbà tó kù, ó sì ti wó pa ènìyàn rí. Ẹ má ya fọ́tò wọn láìgbàṣẹ.

Ọjọ́ karùn-ún: Chingola

Àádọ́ta kìlómítà sí i, ìwọ̀-oòrùn àríwá. Kòtò Nchanga, ọ̀kan nínú àwọn kòtò ìwakùsà tó tóbi jù ní Áfíríkà, wà níbí. Ilé-iṣẹ́ tó ni ín ló ń fúnni láṣẹ láti wò ó, ẹ kọ̀wé ṣáájú, ẹnu ọ̀nà kò sí fún ẹni tó kàn yà wọlé.

Ìdí tí àwọn olórin fi ń wá sí Chingola ni Malachite Film Studios. Ilé àwọn oníṣẹ́ fíìmù ni, wọ́n sì ní ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ WITCH ti jáde. Ẹ tún gbọ́ àwo náà ní ìlú yìí pẹ̀lú ìmọ̀ pé gbogbo wọn jọ ta á lẹ́ẹ̀kan náà ni, nínú yàrá kan, sórí ọ̀nà téèpù díẹ̀. Bí gìtá bá pọ̀ jù, kò sí bọ́tìnnì tí wọ́n lè fi dín in kù lẹ́yìn. Áńpù ni wọ́n á gbé sẹ́yìn, tàbí kí ẹni tó ń ta á súnra. Ìdí nìyẹn tí gìtá fi ń gún etí tí ìlù sì dún bí ẹni pé ó wà ní yàrá kejì. Kì í ṣe àṣìṣe, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọgbọ́n. Ibi tí màíkì wà ni. Africa, àwo ẹgbẹ́ Amanaz ti 1975, fi èyí hàn kedere: ọ̀nà méjì ni wọ́n dà á pọ̀ sí, ọ̀kan gbẹ, ọ̀kan kún fún ìró tó ń dún padà, Now-Again sì tẹ méjèèjì. Ẹ gbọ́ wọn tẹ̀léra.

Ìró tó ń bú bí oyin nínú gìtá, àpótí tí wọ́n ń pè ní fuzz ló ń gbé e jáde. Àpótí kékeré yìí ló ń da ẹni tó fẹ́ tún orin wọn ta láàmú jù, nítorí náà ó yẹ ká dúró díẹ̀ síbẹ̀.

Irú méjì ló wà gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n fi ṣe tiransístọ̀ inú rẹ̀, ti germanium àti ti silicon. Germanium rọ̀ létí, ṣùgbọ́n ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Lórí pèpéle gbangba tí oòrùn ń pa, iná tó ń jò gba inú rẹ̀ kọjá á pọ̀ sí i, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í já kọ̀kọ̀kọ̀, á sì kú kí okùn tó dákẹ́. Ẹ fi sábẹ́ òjìji, tàbí kí ẹ lo silicon fún ìta gbangba. Èkejì, ọ̀pọ̀ germanium àtijọ́ ni wọ́n so ẹnu rere (+) iná rẹ̀ mọ́ wáyà ilẹ̀, òdìkejì àwọn pẹ́dàlì yòókù. Bí ẹ bá so ó mọ́ wáyà ẹlẹ́ka tó ń fún gbogbo pẹ́dàlì níná, wáyà méjì á pàdé, gbogbo rẹ̀ á kú lórí pèpéle. Bátìrì 9 fóltì tirẹ̀ nìkan ni kí ẹ fún un, ẹ sì fa okùn gìtá yọ nígbà tí ẹ bá parí, nítorí okùn yẹn ni ó ń tan án. Bó bá wà níbẹ̀ di àárọ̀, bátìrì ti kú.

Ẹ̀kẹta ni ipò rẹ̀. Gìtá gbọ́dọ̀ wọ inú fuzz tààrà. Bí wah-wah, pẹ́dàlì tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ láti yí ohùn padà, bá ṣáájú rẹ̀, fuzz á fa agbára wah-wah mu, ẹsẹ̀ yín á máa lọ sókè sódò, ohùn ò ní yí padà tó, nígbà mìíràn á tún máa súfèé. Ẹni tó bá fẹ́ wah-wah níwájú dandan, kó fi bọ́fà, àpótí kékeré tó ń ya wọ́n sọ́tọ̀, sáàárín wọn. Ọ̀nà ìrọ̀rùn ni kó dá wọn padà, fuzz kọ́kọ́, wah-wah tẹ̀lé. Fuzz tó sì wà lórí gbogbo ìgbà kì í ṣe WITCH. Ẹ yí fólúùmù ara gìtá sílẹ̀ sí nǹkan bíi 5 nígbà tí Jagari bá ń kọrin, ohùn á mọ́; ẹ gbé e sí 10 fún ìdáhùn. Ẹsẹ̀ ò kan pẹ́dàlì rárá.

Ọjọ́ kẹfà: ìpadà sí Lusaka

Ó lé ní 400 kìlómítà. Ọkọ̀ tó bá gbéra ní òwúrọ̀ ni kí ẹ wọ̀, gbogbo ọjọ́ sì lọ síbẹ̀.

Ní Lusaka ni DB Studios wà, níbi tí ẹgbẹ́ tó padà ti ṣe Zango, tó jáde ní 2023, àwo tuntun àkọ́kọ́ WITCH lẹ́yìn ọdún 39. Ilé iṣẹ́ ni, kì í ṣe ibi ìgbafẹ́. Ẹ má lọ kanlẹ̀kùn. Àwọn tó wà lórí àwo náà ló ṣe pàtàkì: Jagari, Patrick Mwondela, tó ń tẹ dùùrù fún WITCH ìgbà dísíkò, tó fi jẹ́ pé ìgbà méjèèjì pàdé nínú ẹgbẹ́ kan, Jacco Gardner láti Netherlands lórí béèsì, JJ Whitefield ará Jámánì lórí gìtá, Theresa Ng'ambi àti Hanna Tembo, obìnrin méjì ọmọ Zambia, lórí ohùn. Sampa the Great, tí wọ́n bí ní Ndola, náà wà níbẹ̀. Àwọn kan ń bínú pé òyìnbó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àríwísí yẹn ní ìdí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ Zango yóò gbọ́ pé ohùn Zambia pọ̀ níwájú ju bó ṣe wà lórí àwo àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ fi ọkọ̀ ọjọ́ yìí ronú lórí bí wọ́n ṣe ń fi àwo kọ́ ẹgbẹ́ tuntun. Eré àwo, ìyẹn bó ṣe ń yára yí tó, ni wọ́n ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ̀rọ téèpù tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wo tó sáré ju bó ṣe yẹ lọ yóò gbé kíì orin sókè. Nǹkan bíi 6% ni ìyàtọ̀ láàárín kíì kan àti èyí tó tẹ̀lé e lórí dùùrù, funfun sí dúdú. Nítorí náà àwo tó fi 3% yára yóò wà ní àárín kíì méjì, kò sí ibi tí gìtá tó wà ní 440 Hz, ìwọ̀n ohùn tí wọ́n sábà máa ń lò, ti lè bá a mu. Ẹ fi sí Audacity, ẹ lo “Change Speed and Pitch”, kì í ṣe “Change Tempo”, ẹ máa yí i ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan títí okùn gìtá lásán yóò fi bá béèsì mu. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó mọ kíì tí wọ́n ta á sí gan-an. Ẹni tí kò bá ṣe èyí á fà okùn gbogbo gìtá sókè láìnídìí, á sì tún fi ohùn akọrin sínú wàhálà.

Akọrin náà ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Orin tó kọ lọ́mọ ogún ọdún gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní kíì kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n gìtá wọn gbára lé okùn lásán tó ń ró lábẹ́. Bí wọ́n bá kàn sún ìka sẹ́yìn, okùn lásán á sọnù. Gbogbo gìtá àti béèsì ni kí wọ́n dẹ̀ sílẹ̀ pọ̀, kí wọ́n sì pààrọ̀ okùn sí èyí tó nípọn ju tẹ́lẹ̀ lọ ní ìpele kan, kó má bàa máa rọ̀jọ̀jọ̀. Dùùrù oníná òde òní ní bọ́tìnnì fún un. Ọ́gáànù Hammond àtijọ́ kò ní; mọ́tò rẹ̀ ń tẹ̀lé ìyípo iná. Èyí tí wọ́n ṣe fún 60 Hz ti Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá gbé e sórí 50 Hz ti Yúróòpù, Zambia tàbí Nàìjíríà, tiransifọ́má lè ṣàtúnṣe fóltì rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ á já sílẹ̀ ní kíì tó lé díẹ̀ ní mẹ́ta. Jẹnẹrétọ̀ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń mí á sì mú kí ohùn náà máa mí bákan náà.

Fún ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ wọ bàálù pẹ̀lú orin yìí: ìlù ńlá àti áńpù, kí wọ́n háyà níbi tí wọ́n ń lọ, kí wọ́n kọ irú tí wọ́n fẹ́ sínú ìwé àdéhùn. Ohun tí onílù gbọ́dọ̀ gbé fúnra rẹ̀ ni sínéà (ìlù kékeré onípẹlẹbẹ), ṣáńṣán (àwo irin tí onílù ń lù) àti pẹ́dàlì ẹsẹ̀, nítorí àwọn yẹn ni ohùn rẹ̀. Bàálù ń gba 23 kìló fún ẹrù kan ní àyè lásán. Àpótí sínéà àti ṣáńṣán máa ń súnmọ́ ọn, kí wọ́n wọ̀n ọ́n nílé. Fuzz méjì, bátìrì mẹ́fà nínú ẹrù ọwọ́, kí ẹnu bátìrì kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ téèpù kó má bàa kan irin. Okùn gìtá ẹ̀dà mẹ́ta fún gìtá kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà kan fún béèsì.